Itan Àgbò Iléyá Tí Balógun Jẹ

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o!" Àánú gun orí àpáta tó wà níwájú ilé wọn ní Ìjẹmọ̀, ó gbé ológbò rẹ̀ sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. "Láti Ìjẹmọ̀ dé Kútọ̀, láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá, bí ológbò kan bá wà tó lè borí Balógun mi níbi ìfihàn ẹran ọ̀sìn ilé ìwé wa, kí wọ́n fá orí mi kodoro, kí n gbé e lọ sí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi bẹ́ẹ̀!"

Lois, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn fẹ̀gbẹ́ kan tiwọn, pàtẹ́wọ́. "Balógun! Balógun!"

Balógun fúnra rẹ̀ yán. Ológbò dúdú ni, ó funfun láyà bí ẹni tó so táì. Kò sí eku tó ń gbé ilé Àánú tó máa ń ṣọdún méjì níbẹ̀. Láràárọ̀, á sin Àánú dé oríta, á jókòó sílẹ̀ títí ọmọ náà á fi yà sí kọ̀rọ̀, kó tó padà sílé. Ẹ̀bà àná àti orí ẹja ni oúnjẹ rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàròyé rí.

Mísítà Dìran, tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀, ló ṣètò ìfihàn náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá ni wọ́n fi í sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹran rẹ̀ bá gba ipò kìíní, wọ́n máa gbé àwòrán òun àti ẹran náà kọ́ sẹ́nu géètì ilé ìwé, kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé lè rí i. Àánú ti yan ẹ̀rín tó fẹ́ rín nínú àwòrán náà. Ó ti ń fi í dánra wò níwájú dígí.

Orí àpáta ló ṣì wà nígbà tí ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ kú àríyá o, ẹ̀yin èrò Balógun!"

Ummulkulthum ni. Kíláàsì kan náà lòun àti Àánú wà, àdúgbò kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan dání, ó tẹ́ aṣọ funfun sínú rẹ̀. Sùltánà, ológbò rẹ̀, jókòó sínú aṣọ funfun bí ìyàwó tuntun. Ẹ wo ara! Irun rẹ̀ ń dán bíi bàtà sójà tó ń lọ sí párédì.

"Háà! Ummu!" Ọwọ́ Lois ti wà lára Sùltánà kó tó parí ọ̀rọ̀. "Kí lo fi ń wẹ̀ fún un?"

"Wíwẹ̀ kọ́. Oúnjẹ ni. Ẹran tútù ni Sùltánà mi ń jẹ, èyí tí iná ò kàn rárá. Bọ̀ọ̀dá Láwàlì, àbúrò bàbá mi tó ń pa màlúù ní Láfẹ́nwá, ló ń mú un wá. Ṣé ẹ rí ológbò yìí? Ẹbí ẹkùn ni. Ta ló rí ẹkùn tó jókòó ti ẹ̀bà rí?"

Lois rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lois yìí kan náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo Balógun tán o! Àánú rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta.

"Balógun náà máa ń jẹ ẹran," ló wí.

"Ẹran wo? Eku?" Ummu gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń lọ, Lois sì tẹ̀ lé e.

Owú kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọjọ́ náà gan-an ló wọlé Àánú, ó tẹ́ ẹní, ó sùn. Bí Àánú bá ṣí fóònù, fídíò Sùltánà ló máa kọ́kọ́ rí: Sùltánà fi eyín fa ẹran pupa ya, ohùn Ummu ń sọ lẹ́yìn pé, "Ẹ wo ọmọ ẹkùn!" Gbogbo kíláàsì ló ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ ọba!" Kódà Mísítà Dìran kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Iṣẹ́ ńlá." Àánú ka "iṣẹ́ ńlá" yìí léraléra bí ẹni tó ń ka èsì ìdánwò tó fìdí rẹmi. Bó bá wo Balógun, irun rẹ̀ tó ń wù ú tẹ́lẹ̀ wá dà bíi búrọ́ọ̀ṣì ìgbálẹ̀ lójú rẹ̀. Bó bá gbé ẹ̀bà fún un, ojú á tì í, bí ẹni pé gbogbo Abẹ́òkúta ló ń wo abọ́ náà.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní yàrá ìjókòó. Mísíìsì Beatrice, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń fi báírò pupa máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ.

"Mọ́mì, Balógun nílò ẹran tútù."

"Ta ni?"

"Balógun."

"Balógun tó ń sùn lórí àga mi yìí?"

"Wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí irun wọn dán."

Ìyá rẹ̀ bọ́ ìgò ojú. "Irun tèmi ńkọ́? Ta ló ń fún mi lẹ́ran tútù?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Iléyá dé. Ó sì ní nǹkan kan tó ti máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ilé méjì yìí láti ìgbà tí wọn ò tíì bí àwọn ọmọ náà. Bí wọ́n bá ti pa àgbò tán nílé Ummu, ìyá rẹ̀, Àlímátù, á gé itan kan, á gbé e sínú abọ́, á fi ránṣẹ́ sí Màmá Àánú ní tútù, kó lọ sè é bó ṣe wù ú. Bó bá di Kérésìmesì, Màmá Àánú á bu ìrẹsì àti adìẹ sínú abọ́ náà padà. Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, ẹni tó gba nǹkan lánàá á lọ dúpẹ́. Wọn ò fi òfin náà sínú ìwé kankan, síbẹ̀ ẹnì kankan ò gbàgbé rẹ̀ rí. Oníke ni Ìyá Ummu, ó ní ṣọ́ọ̀bù abọ́ ní Láfẹ́nwá, kò sì fọkàn tán ẹ̀dá alààyè kankan lórí ọ̀rọ̀ abọ́. Nítorí náà, gbogbo abọ́ ilé rẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ sí nídìí: ÀLÍMÁTÙ.

Àánú nìkan ló wà nílé nígbà tí Ummu gbé abọ́ dé. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màmi ní kí màmá ẹ kú ọdún o. Itan nìyí."

"Ẹ ṣeun. Ẹ kú ìnáwó."

Ummu ti ń lọ, ó tún yíjú padà. "Ẹ fún Balógun ní díẹ̀ níbẹ̀ o. Kó kàn lè mọ bí ẹran ṣe ń rí."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Àánú fi rẹ́rìn-ín ló wọ̀ ọ́ lára bí ọfà. Ó gbé abọ́ wọ ilé ìdáná. Ó wo itan àgbò. Ó wo Balógun. Ó wo itan àgbò. Ó ní lọ́kàn pé, "Èmi ni Ummu gbé e fún. Bí mo bá ní mi ò rí i, ta ni yóò mọ̀?" Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ẹyọ kan, ó jù ú sílẹ̀.

Balógun gbóòórùn rẹ̀. Ó wo ojú Àánú. Ó rìn kọjá lára ẹran, ó lọ jókòó síbi tí wọ́n máa ń gbé ẹ̀bà rẹ̀ sí.

"Jẹ ẹ́! Ẹbí ẹkùn ni ọ́!"

Ó bẹ̀ ẹ́, ó tún fi ẹran náà pa á lẹ́nu. Nígbà tó yá, Balógun lá a, ó sì gbé e mì. Inú Àánú dùn bí ẹni pé wọ́n ti ya àwòrán géètì náà. Ó gbé abọ́ àti ẹran tó kù lọ sínú fìríìsà àtijọ́ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, tí ìyá rẹ̀ kì í ṣí.

Fìríìsà kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu o. Iná ló ń lò. Wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ kejì, wọn ò sì dá a padà.

Lọ́jọ́ kejì yìí náà, Màmá Àánú ń yọjú lójú fèrèsé ṣáá.

"Àánú, ṣé Ìyá Ummu ò pa àgbò lọ́dún yìí ni?"

"Bóyá wọn ò pa, Mọ́mì."

"Kò pa ni? Àgbò tó ń ké títí wọ́n fi pa á, tí n ò rójú gbàdúrà!"

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Màmá Lois yọ, ó ń fi igi tayín. "Ẹ kú ilé o. Ẹran Ìyá Ummu tọdún yìí, háà, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì! Ṣé tiyín náà rọ̀?"

Màmá Àánú fi ẹ̀rín bojú. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. "Wọ́n fún Màmá Lois. Màmá Lois tí kò fún èèyàn níyọ̀ rí! Èmi ni wọ́n fò kọjá. Kí ni mo ṣe? Ṣé adìẹ Kérésìmesì yẹn kéré ni?" Owú tó ń jẹ ọmọ ti ran ìyá.

Ní ilé kejì, Ìyá Ummu jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹni tó máa wá dúpẹ́. Màmá Lois dé. Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé dé. Màmá Àánú ò dé. "Odindi itan!" ló ń wí fún Ummu. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àbí nítorí pé òun kàwé?"

Àwọn ìyá méjèèjì pàdé ní oríta. Àánú wà láàárín, ó gbé báàgì ìyá rẹ̀.

"Ẹ kú ìjẹun o," Ìyá Ummu wí, ó ń wo ọ̀run.

"Ẹ kú ìpín o," Màmá Àánú dáhùn, ó ń wo ilẹ̀.

Wọ́n kọjá lára ara wọn bí ọkọ̀ méjì tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má fara kan ara wọn. Òtítọ́ dé orí ahọ́n Àánú níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ìjà náà ń fẹ́ láti tán. Ó gbé e mì, nítorí pé ìfihàn ti súnmọ́, ẹran tó ń gé fún Balógun díẹ̀díẹ̀ sì ṣì kù nínú abọ́.

Ẹran náà ti ń rùn. Ó fi omi iyọ̀ ṣàn án. Kò fi bẹ́ẹ̀ rùn mọ́, tàbí imú rẹ̀ ni kò fẹ́ gbóòórùn mọ́. Ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ fún Balógun, ológbò tó fọkàn tán an sì jẹ ẹ́ tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìfihàn, Àánú wọ yunifọ́ọ̀mù, ó mú kóòmù, ó lọ pe Balógun. Balógun ò dáhùn. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi ló ti bá a. Ó dùbúlẹ̀ sórí èébì ara rẹ̀, ó ti yàgbẹ́ omi títí ẹ̀jẹ̀ fi dà mọ́ ọn. Nígbà tó gbọ́ ohùn Àánú, ó gbìyànjú láti dìde bíi pé ó fẹ́ sìn ín dé oríta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà.

Kóòmù bọ́ lọ́wọ́ Àánú. "Mọ́mì! Mọ́mì, ẹ gbà mí!"

Màmá Àánú sáré jáde. Ó lè bínú sí ológbò lórí ọ̀rọ̀ àga, ṣùgbọ́n ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Pe kẹ̀kẹ́ Márúwá! Mú abọ́ kan dání, kó má bì sí wa lára!"

Àánú na ọwọ́ sí abọ́ tó wà nítòsí jù. Kò wo èyí tó mú.

Ilé ìwòsàn ẹran kan ní Kútọ̀ ni wọ́n sáré lọ. Bí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, ta ni wọ́n bá lórí bẹ́ǹṣì? Ìyá Ummu! Ummu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Màmá Àánú wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ológbò àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń ṣàìsàn?"

Nọ́ọ̀sì gba Balógun, ó sáré gbé e wọlé. Abọ́ ló kù lọ́wọ́ Àánú. Ojú Ìyá Ummu bọ́ sórí abọ́. Oníke kì í ṣi abọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó dìde, ó gbà á, ó dojú rẹ̀ dé. ÀLÍMÁTÙ.

"Mísíìsì!" Bẹ́ǹṣì mì. "Ẹran tí mo fi ṣe sàráà, tí mo gé fún yín kí n tó gé ti ìyá ọkọ mi, ológbò lẹ gbé e fún?"

"Ẹran wo? Ẹran wo lẹ fún mi? Màmá Lois lẹ fún lẹ́ran!"

"Odindi itan! Ọmọ mi ló gbé e wá!"

"Ta ló gbà á?"

Àwọn ìyá méjèèjì yíjú sí Àánú nígbà kan náà.

"Èmi ni," ni Àánú wí. Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì. "Èmi ni mo gbà á. Mo gbé e pamọ́ sínú fìríìsà, iná sì lọ. Mo fẹ́ kí Balógun dán bíi Sùltánà. Ó ti ń rùn, Mọ́mì, mo mọ̀ pé ó ń rùn, mo fi omi iyọ̀ ṣàn án, mo ṣì fún un. Tó bá kú, èmi ni mo pa á." Ẹkún kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ìyá Ummu gbé ọwọ́ lérí. Ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu Ummu díẹ̀díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, tí Dókítà Hephzibah sì jáde síta. Obìnrin gíga ni, ojú rẹ̀ kò mọ àwàdà. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ń kán òróró tó, tó.

"Ta ló din ológbò yìí?"

"Ẹ̀n?"

"Sùltánà. Ta ló fi òróró pa á láti orí dé ìrù? Ológbò máa ń fi ahọ́n wẹ ara ni. Gbogbo òróró yẹn ló lá mì, òun ló ń da inú rẹ̀ rú."

Ummu wo ilẹ̀. "Àdí àgbọn ni."

Àánú gbé orí sókè. "Àdí àgbọn? Ṣé kì í ṣe ẹran tútù ló ń mú un dán?"

"Kò jẹ ẹran tútù rí." Ohùn Ummu kéré bíi ti ẹ̀fọn. "Nínú fídíò nìkan ló ti máa ń fẹnu kàn án. Tí mo bá ti ya fídíò tán, màá gbà á lẹ́nu rẹ̀, màá dá a padà sínú ìkòkò."

"Ìkòkò wo?" Ìyá Ummu rọra bèèrè.

"Ìkòkò ọbẹ̀ wa, màmi."

Ìyá Ummu jókòó. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ń ka gbogbo ọbẹ̀ tó ti lá nínú oṣù náà lọ́kàn. Màmá Àánú gbìyànjú, ó gbìyànjú gan-an ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kí wá ni Sùltánà ń jẹ?" ni Àánú bèèrè.

"Ẹ̀bà. Ẹ̀bà àti orí ẹja." Omi bọ́ lójú Ummu. "Kí ni kí n ti ṣe? Balógun ń sìn ọ́ dé oríta. Balógun ń peku. Tí a bá dé kíláàsì, Balógun ni gbogbo wọn ń bèèrè. Sùltánà ò mọ̀ bóyá mo wà láyé. Ó rí eku lẹ́ẹ̀kan, ó gun orí mi! Mo kàn fẹ́ kí wọ́n wo tèmi náà."

Ẹni tí Àánú ń jowú láti ọjọ́ yìí, Àánú gan-an ni onítọ̀hún ń jowú.

"Balógun ńkọ́, Dókítà?" ni Màmá Àánú bèèrè.

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́. "A ti fa omi sí i lára, mo ti fún un lábẹ́rẹ́. Bí ẹ bá falẹ̀ di ọ̀sán ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Yóò yè, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló máa wà fúngbà díẹ̀. Ẹ gbọ́: òótọ́ ni pé ẹran ni ológbò ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹran àìsè máa ń ní kòkòrò àrùn tí ojú ò rí, bí kò bá sì sí iná nínú fìríìsà, wọ́n á pọ̀ bí èrò ọjà Kútọ̀. Iyọ̀ ò lè lé wọn. Ẹ̀bà lásán náà ò tó o lóúnjẹ. Ẹ bọ ẹran tàbí ẹja láìfi ata àti iyọ̀ sí i, ẹ yọ eegun rẹ̀ kúrò, ẹ wá bi mí léèrè ohun tí ẹ máa fi kún un. Kí ẹ sì fọ ọwọ́ àti abọ́ yẹn dáadáa, kòkòrò náà kì í yọ èèyàn sílẹ̀."

Fóònù Àánú dún. Lois ni. Ó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi gbọ́. "Àánú, níbo lẹ wà? Wọ́n ti parí ẹ̀! Tawheed kíláàsì wa ló gba ipò kìíní!"

"Kí ló mú wá?"

"Pẹ́pẹ́yẹ! Ajá lé ewúrẹ́, ewúrẹ́ wó tábìlì, gbogbo ẹran sá lọ, pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló dúró ní tirẹ̀!"

Àánú pa fóònù náà. Ó yà á lẹ́nu pé kò dun òun. Balógun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìkan ló kù lọ́kàn rẹ̀. Ó yíjú sí Ìyá Ummu, ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Oore ni ẹ ṣe, èmi ni mo sọ ọ́ dìjà."

Ìyá Ummu fà á dìde. Màmá Àánú náà tẹríba, ó ní, "Ìyá Ummu, ọpẹ́ mi pẹ́ kó tó dé. Ẹ ṣeun fún itan àgbò o."

"Kò tọ́pẹ́, Màmá Àánú. Èmi náà ṣì yín rò."

Ummu na ọwọ́ sí Àánú, Àánú dì í mú. Màmá Àánú rí ẹ̀kọ́ ńlá níbẹ̀, tíṣà kò sì lè rí ẹ̀kọ́ kó gbójú fò ó. Ó gbé ìka sókè. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tó bá ń fi ojú ọmọlàkejì wo ohun tirẹ̀, yóò ba ohun tirẹ̀ jẹ́. Irọ́ tí ẹnì kan pa láti gbayì, òun lẹlòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Òtítọ́ tí a gbé mì máa ń le ju ẹran tó rùn lọ nínú ikùn. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ ní tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ sì máa sọ òótọ́ nígbà tó ṣì kéré."

"Àmín!" ni Ìyá Ummu wí. Gbogbo wọn ń sunkún, wọ́n dì mọ́ ara wọn láàárín yàrá náà. Ìyá Ummu tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Dókítà Hephzibah wo aago rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lẹ́nu ọ̀nà," ló wí. "Ajá kan wà níta tó fẹ́ wọlé."